Goris, ní Armenia: ẹ sùn síbẹ̀, ẹ má kàn kọjá

Ní Yerevan, olú ìlú Armenia, wọ́n á sọ fún yín pé ẹ lè lọ wo Tatev, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ kan, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀nà yẹn jìn tó nǹkan bí 250 kìlómítà, òkè ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ bá fi máa dé, ìdí á ti kú. Goris ni kí ẹ sùn.

Ìlú kékeré ni, ní ẹkùn Syunik, lápá gúúsù. Ilé olókùúta tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó lókè ló pọ̀ níbẹ̀. Òkè tó dojú kọ ìlú ló mú mi jù: àwọn òkúta ṣóńṣó dúró ṣánṣán bí òkìtì ọ̀gán, àwọn èèyàn àtijọ́ sì gbẹ́ ilé sínú wọn. Mo wọ ọ̀kan. Èéfín ti kun òrùlé rẹ̀ dúdú, wọ́n sì gbẹ́ àwọn àlàfo kéékèèké sára ògiri tí wọ́n ń gbé nǹkan sí.

Ti Khndzoresk tún ju ìyẹn lọ. Odindi abúlé inú ihò àpáta ni, àwọn èèyàn sì gbé inú rẹ̀ títí di àwọn ọdún 1950. Ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí kò fẹ́ tán, kí ẹ tó dé afárá alásorọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2012. Gígùn rẹ̀ tó 160 mítà, ó sì ń mì. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú kó rántí pé àtẹ̀gùn yẹn náà ló máa gùn padà o!

Tatev náà dára, n kò ní purọ́. Láti Halidzor, ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn irin, tí wọ́n ṣí ní 2010, á gbé yín fò kọjá àfonífojì Vorotan, 5.7 kìlómítà gbáko. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dijú, ó ń gbàdúrà lédè rẹ̀. Èmi náà ń ṣe àmín. Ọ̀rúndún 9 ni ilé àwọn mọ́ńkì yẹn ti wà, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún gbogbo ẹ̀. Ilé àlejò tí mo dé sí ló jẹ́ kí n yọ ìkarùn-ún: ẹnìkan péré ni omi gbígbóná wọn tó, òtútù Goris lálẹ́ kì í sì í ṣeré. Oúnjẹ àárọ̀ wọn tù mí nínú díẹ̀ ṣá: lavash (búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn), wàràkàṣì oníyọ̀, oyin, àti tíì tí wọ́n fi ewé orí òkè sè. Khorovats, ẹran sísun wọn, rọ̀ dáadáa, àmọ́ ata ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ gbé tiyín dání.

Ẹ mú dram, owó Armenia, dání kí ẹ tó lọ sí àwọn abúlé, kí ẹ sì bá onítakisí ná án tán, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ìdúródè, kí ẹ tó wọlé.