Toyota àti Honda lójú ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀

Bí ẹ bá dé Bẹ́gà, ọjà tòkunbọ̀ lÁpápá, tí ẹ rí Camry kan àti Accord kan tí ọdún wọn bára mu, tí owó wọn ò sì jìnnà síra, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ta Camry máa sọ ni pé Toyota kì í yọni lẹ́nu, àti pé bó bá sú yín lọ́la, ẹ ó rí i tà kíá. Ẹni tó ń ta Accord ní tiẹ̀ á ní kí ẹ jókòó sídìí sítíárín ná, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń tà fún yín, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ó wà lọ sílé, ọkọ̀ yẹn sì ní ọdún tí wọ́n ṣe é àti ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọdún kan wà tí Toyota kò ṣe bí orúkọ rẹ̀, àwọn ọdún kan sì wà tí jíà Honda pa àwọn oníbàárà lẹ́kún.

Ibi tí orúkọ wọn ti ṣẹ̀

Ẹ̀rọ ìhunṣọ ni Sakichi Toyoda ń ṣe ní tiẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀. Èyí tó sọ ọ́ di olókìkí jù ni ẹ̀rọ tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo bá já, kó má baà hun aṣọ tó lábùkù lọ rẹpẹtẹ. Ní 1926 ló dá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ sílẹ̀. Nígbà tó di 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ní Oldham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà láti san £100,000 fún ẹ̀tọ́ láti máa ṣe irú ẹ̀rọ náà. Kiichiro, ọmọ rẹ̀, ló kojú sí ọkọ̀. Ó dá ẹ̀ka ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní 1933, ẹ̀ka yẹn ló sì dá dúró ní 1937 tó ń jẹ́ Toyota Motor.

Ọ̀nà kò là fún wọn kíá. Ní 1950, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn mì, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Kiichiro sì fipò sílẹ̀. Ogun Kòríà ló ko wọ́n yọ, torí ọwọ́ wọn ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ra ọkọ̀ akẹ́rù. Inú àìrówó yẹn náà ni ètò iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń wò kọ́ títí dòní ti dàgbà, lábẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Taiichi Ohno: ẹ má kó ẹ̀yà ọkọ̀ jọ pelemọ, èyí tí iṣẹ́ bá kàn nìkan ni kó dé, bí òṣìṣẹ́ kankan bá sì rí àbùkù, kó fa okùn, kí iṣẹ́ dúró títí wọn á fi mọ ohun tó fà á. Ọgbọ́n ẹ̀rọ ìhunṣọ Sakichi náà ni, inú ọgbà ọkọ̀ ló wá tún yọ sí.

Ìdí nìyẹn tí Toyota fi dà bíi pé kò kánjú. Land Cruiser ti wà láti 1951, Corolla láti 1966, Hilux láti 1968, iye Corolla tí wọ́n ti tà sì ti kọjá 50 mílíọ̀nù. Bí wọ́n bá rí ẹ́ńjìnnì tó ṣeé fọkàn tán, wọn kì í tètè jù ú nù. Àwọn kan ní ó máa ń sú wọn lójú. Èmi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀, torí mẹkáníìkì tó bá ti tú ọ̀kan rí ti tú gbogbo wọn.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Soichiro Honda, wọ́n bí i ní 1906 nítòsí Hamamatsu. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà ò mọ̀ ni pé Toyota ló kọ́kọ́ ń ta ọjà fún. Òrùka písítìnnì ló ń ṣe, ìyẹn òrùka irin tó máa ń fún písítìnnì mọ́ ara sílíńdà. Nígbà tó kó 50 lọ fún Toyota láti yẹ̀ wò, 3 péré ló yege. Ó padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa irin, ó tún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe, Toyota sì wá di oníbàárà rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ta ilé iṣẹ́ náà fún àwọn Toyoda, ó sinmi fúngbà díẹ̀, nígbà tó sì di 1946 ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹ́ńjìnnì kéékèèké mọ́ kẹ̀kẹ́. Ti jẹnẹrétọ̀ rédíò àwọn ológun ni àwọn ẹ́ńjìnnì náà tẹ́lẹ̀. Ní 1948 ó dá Honda Motor sílẹ̀. Takeo Fujisawa, tó wọlé ní 1949, ló ń mójú tó owó àti ọjà, Soichiro ń mójú tó irin. Super Cub, alùpùpù tí wọ́n gbé jáde ní 1958, ti lé ní 100 mílíọ̀nù nígbà tó fi máa di 2017.

1963 ni Honda tó ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, lásìkò tí ìjọba Jàpáànù ò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tuntun tún yọjú mọ́. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, wọ́n gba ipò kìíní nínú eré ọkọ̀ Formula 1 ní Mẹ́síkò. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin líle nípa èéfín ọkọ̀, Civic tó ní CVCC, irú ẹ́ńjìnnì tí Honda fúnra rẹ̀ ṣe kí èéfín lè dín kù, bá òfin náà mu láìlo kátálíìsì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ṣì ń ráhùn pé kò ṣeé ṣe. Ẹ́ńjìnnì ni Honda fi ń fọ́nnu láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì wa Accord kúrò lójú kan á mọ̀. Sítíárín rẹ̀ gbọ́ràn, ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀, ó sì máa ń dáhùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, Camry rọra ju Accord lọ lójú ọ̀nà tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mú inú awakọ̀ dùn bíi ti Accord.

Ibi tí wọ́n ti ṣe é ṣe pàtàkì

Ọwọ́ ọ̀tún ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ láti 1972, sítíárín ọkọ̀ wa sì gbọ́dọ̀ wà lápá òsì. Torí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú Camry àti Accord tí à ń rà kò fojú kan Jàpáànù rí. Ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti to Camry pọ̀, Ohio ni wọ́n ti to Accord. Honda ló ṣíwájú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Jàpáànù tó kù láti máa ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1982.

Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásí, èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. 2, Kánádà ni. Camry Kentucky sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1, Accord Ohio pẹ̀lú 1HG. Ẹ ka àmì náà dé ìkẹwàá: òun ló ń sọ ọdún. 3 ni 2003, 7 ni 2007, 8 ni 2008. Ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ tí ìkẹwàá rẹ̀ jẹ́ 5, tó ń pè é ní 2007, ẹ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń bá dúnàá dúrà.

Ọdún tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́

Toyota ná. Camry tí à ń pè ní Muscle bẹ̀rẹ̀ láti 2007. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 láàárín 2007 sí 2009 máa ń jẹ ọ́ìlì. Òrùka písítìnnì rẹ̀ kì í gbá ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà bó ṣe yẹ, ọ́ìlì á máa jó mọ́ epo, ẹni tí kì í wo ọ́ìlì á sì pa ẹ́ńjìnnì láìmọ̀. (Òrùka písítìnnì, ohun tí Toyota fi dá Soichiro padà nígbà yẹn!) Toyota kò jiyàn. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé bó bá jẹ tó bíi lítà kan kó tó rin nǹkan bí 1,900 kìlómítà, ó ti kọjá ààlà, wọ́n sì bá àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò kan. Muscle tó bá wọ Bẹ́gà lónìí ti kúrò nínú àdéhùn yẹn. Bó bá jẹ́ Muscle lọkàn yín fẹ́, ẹ wá ti 2010 tàbí 2011 tó ní 2.5. Ẹ́ńjìnnì mìíràn pátápátá ni.

Àwọn Corolla 1998 sí 2001 náà máa ń jẹ ọ́ìlì. Ti 2003 sókè sàn dáadáa, ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tí ẹ ó máa pààrọ̀.

Ní ti Honda, jíà ni. Ọ̀tòmátíìkì tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì V6 (oní-sílíńdà mẹ́fà) láàárín 1998 sí 2004, ìbáà jẹ́ nínú Accord, Odyssey tàbí Acura TL, ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ní 2004 Honda pe ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, torí jíà kejì máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè kú lójú ọ̀nà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ End of Discussion, ìyẹn Accord 2003 sí 2007, ẹlẹ́ńjìnnì 2.4 ni kí ẹ rà. Ó lágbára tó, kì í mu epo púpọ̀, ṣéènì ni òun náà ní. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra V6 ọdún yẹn, bó ti wù kó dán tó. Ẹ sì kìlọ̀ fún mẹkáníìkì yín: ọ́ìlì jíà Honda ni kó lò. Ọ́ìlì jíà gbogbogbòò tí wọ́n ń bù nínú kẹ́ẹ̀gì ti pa jíà Honda tó pọ̀ ju ọjọ́ ogbó lọ.

Èyí tó burú jù kì í ṣe ti owó, ti ẹ̀mí ni. Takata, ilé iṣẹ́ Jàpáànù mìíràn, ló ń ṣe érúbáàgì, àpò tó máa ń wú láti gba awakọ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, Toyota náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Honda ló rà jù. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ammonium nitrate ni wọ́n fi ń mú àpò náà wú. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń bá a fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára rẹ̀ á kọjá ààlà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá wá forí sọ nǹkan, agolo irin tó wà nínú rẹ̀ á bẹ́, á sì da àfọ́kù irin lu ojú àti ọrùn awakọ̀. Ẹ ro ooru Èkó àti ọ̀rinrin etí òkun mọ́ ọn. Àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà pariwo lé lórí jù ni Accord àti Civic 2001 sí 2002, CR-V àti Odyssey 2002, Pilot 2003, àti Acura TL 2002 sí 2003. Ní 2016 wọ́n kéde pé nínú àyẹ̀wò, àwọn kan lára wọn fẹ́ẹ̀ lè bẹ́ ní ìdajì ìgbà. Ọ̀fẹ́ ni ẹ fi lè tẹ nọ́ńbà ṣáásí sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́hùn-ún. Bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ tún wo iná érúbáàgì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì, iná náà gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ torí érúbáàgì ti bẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n kàn bo ojú rẹ̀ ni.

Àbàwọ́n lára orúkọ

Toyota náà ti jẹ́jọ́. Ní 2009 sí 2010, wọ́n pe ọkọ̀ lọ́nà mílíọ̀nù padà torí kápẹ́ẹ̀tì tó ń há ẹsẹ̀ ìtẹ̀ epo mọ́lẹ̀ àti ẹsẹ̀ ìtẹ̀ tó ń lẹ̀. Akio Toyoda, ọmọ ọmọ Kiichiro, gba iwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lọ ní February 2010. Ní 2014 wọ́n gbà láti san $1.2 bílíọ̀nù, torí wọ́n fi òótọ́ pamọ́ fún àwọn oníbàárà. Èmi gbà pé ìyẹn wúwo ju ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì lọ. Síbẹ̀ ọjà ò gbàgbé Corolla, orúkọ wọn sì padà.

Lẹ́yìn ìrà

Ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ̀yà Toyota pọ̀ ju ti Honda lọ, ti ayédèrú náà sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé níbi tó jìnnà sí ìlú ńlá, tàbí tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, Corolla ni mo máa ní kí ẹ rà, kò sí àríyànjiyàn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń wa ọkọ̀ yín, tí ẹ ní mẹkáníìkì tó mọ Honda, tí ẹ sì fẹ́ gbádùn ojú títì, Accord 2.4 ló yẹ yín. Ní ti títà, Toyota ṣì ń mú owó wá ju Honda lọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: Honda ti ti ọgbà rẹ̀ ní Swindon pa ní 2021, Toyota ṣì ń ṣe Corolla ní Derbyshire. Kí ẹ tó ra Prius ti Toyota tàbí Jazz ti Honda, ẹ ro ibi tí ẹ ó máa gbé e sí lálẹ́, torí àwọn olè tó ń gé kátálíìsì fẹ́ràn méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́la. Fún Accord 2008 sí 2012, tí à ń pè ní Evil Spirit, ẹ tẹ́tí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn: bí 2.4 rẹ̀ bá dún gàràrà fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó sì dákẹ́, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò fáàfù padà ló ti jẹ, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Fún Muscle 2.4, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kí ẹ tó tan án, ẹ wo ibi tó dé, kí ẹnì kan sì dúró sídìí sàléńsà nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù, ẹ bọ́ sílẹ̀.