Ètò Ìjábọ̀ Àléébù ti Debian: Ohun Tí Mo Rí Níbẹ̀

Iṣẹ́ àtúnkà ìwé Yorùbá ni mo fi ń jẹun, orí kọ̀ǹpútà tó ń lo Debian (ọ̀kan nínú irú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe) ni mo sì ti ń ṣe é. Ẹni tó bá ń fi àmì ohùn tẹ èdè wa mọ̀ pé lẹ́tà bíi "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. A ó kọ́kọ́ tẹ "ẹ" tó ti ní àmì lábẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, fọ́ǹtì ni yóò sì pinnu ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Nínú fọ́ǹtì kan tí mo fẹ́ràn, tí mo gbà láti inú àkójọ Debian, àmì ohùn kì í jókòó sórí "ẹ" àti "ọ". Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń ṣubú sí, títí yóò fi dà bí ẹni pé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ni ín. Ohun tó gbé mi dé ìdí ètò tí Debian fi ń gba ìjábọ̀ àléébù nìyẹn. Mo fẹ́ gbé ètò náà yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń lo Linux ni kò dé ibẹ̀ rí: bí sọ́fúwià bá ti yọ wá lẹ́nu, a ó yọ ọ́ dànù, ọ̀rọ̀ parí.

Ọdún 1993 ni Ian Murdock dá Debian sílẹ̀, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀dà 13 rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní trixie, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ní package (sọ́fúwià tí wọ́n ti dì jọ fún gbígbà) tó lé ní 69,000. Ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kékeré kan ni olùtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àyàfi èyí tí olùtọ́jú rẹ̀ bá ti fi sílẹ̀ láìrí arọ́pò. Kò sí akọ̀wé tí wọ́n ń sanwó fún láti máa dá oníbàárà lóhùn. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dé, tó wá jókòó lálẹ́ láti tún package ṣe, ni lẹ́tà yín yóò bọ́ sí lọ́wọ́, ó sì yẹ kí èyí wà lọ́kàn ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé.

Ẹnu ọ̀nà tó dára jù lọ ni ètò kékeré kan tó ń jẹ́ reportbug. Ẹ ó ṣí terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ ó tẹ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ package tó ní àléébù. Kí ó tó jẹ́ kí ẹ kọ ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ kó gbogbo ìjábọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe nípa package náà síwájú yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́ ṣáájú yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fò ó. Bí ẹ bá rí i pé tiyín kò sí níbẹ̀, reportbug fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ẹ̀dà package tí ẹ ní, irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò, kernel rẹ̀ (ọkàn ètò tó ń darí rẹ̀), èdè tí ẹ tò ó sí, àti ẹ̀dà àwọn package mìíràn tí èyí gbára lé. Ìdajì ìbéèrè tí olùtọ́jú ìbá bi yín ti ní ìdáhùn kí ó tó ka ọ̀rọ̀ yín rárá.

Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù ni ìgbà tí ó ní kí n sọ bí àléébù náà ṣe le tó. Ipele méje ló wà, láti wishlist tó wà fún ohun tí a kàn ń fẹ́, títí dé critical. Ọwọ́ mi ti fẹ́ tẹ grave, nítorí fọ́ǹtì tí kò lè kọ Yorùbá kò wúlò fún mi rárá. Ṣùgbọ́n àléébù tó sọ package di aláìwúlò tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, tó ń ba fáìlì ẹni jẹ́, tàbí tó ṣílẹ̀kùn fún olè ni grave wà fún. Important ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún èyí tó ń dí ìlò package lọ́wọ́ gidigidi, síbẹ̀ tí kò sọ ọ́ di aláìwúlò fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń fi fọ́ǹtì kan náà kọ Faransé kò ní ìṣòro kankan, nítorí náà important ni mo yàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rere lásán nìyí. Ipele mẹ́ta tó ga jù lọ lè mú kí wọ́n yọ package kúrò nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń pèsè lọ́wọ́, kí ó má sì bá a jáde. Ẹni tó bá bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń fi ìyà jẹ àwọn tí kò mọ̀ nípa ẹjọ́ náà ni.

Ní ọjọ́ kẹta ni èsì dé. Olùtọ́jú náà dúpẹ́, ó lẹ àmì moreinfo mọ́ ìjábọ̀ náà, ó sì bèèrè fún nǹkan mẹ́ta: fáìlì kékeré tí kò ní ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, àwòrán ohun tí ojú mi rí, àti orúkọ ètò tí mo fi ṣí i. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ya fọ́ǹtì, ibẹ̀ ni ìdí rẹ̀ sì ti fara hàn. Nítorí èdè Vietnam ni wọ́n ṣe ya "ẹ" àti "ọ" sínú fọ́ǹtì náà, àmì abẹ́ sì ni ohùn fúnra rẹ̀ nínú èdè yẹn, wọn kì í tún gbé àmì ohùn mìíràn lé e lórí. Kò sí ẹni tó rò ó rí pé ẹnì kan yóò fẹ́ so àmì mọ́ ibẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, nítorí ọdún púpọ̀ ni mo ti fi rò pé ẹ̀bi kíbọ́ọ̀dù mi ni.

Gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí ló wà ní gbangba lábẹ́ nọ́ńbà kan, ẹnikẹ́ni sì lè kà wọ́n. Nínú àdéhùn tí Debian bá àwùjọ ṣe ní ọdún 1997, wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní fi àléébù pamọ́, wọ́n sì ti mú un ṣẹ débi pé nọ́ńbà ìjábọ̀ ti kọjá mílíọ̀nù kan láti ọdún 2021. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ètò náà. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ímeèlì yín náà yóò wà ní gbangba, nítorí náà ẹ lo èyí tí kò ní dùn yín bí àjèjì bá rí i.

Ohun tí mo lòdì sí ni pé ímeèlì nìkan ni ọ̀nà àtiwọlé; òun náà ni reportbug fi ń ránṣẹ́. Kíkà nìkan ni ojúlé wẹ́ẹ̀bù wọn wà fún. Kò sí fọ́ọ̀mù tí ènìyàn lè kọ nǹkan sí. Ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé fóònù ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan ní láti mọ̀ pé orúkọ package gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ní ọ̀nà kan pàtó, kí ẹ̀rọ wọn lè mọ ibi tí yóò tò ó sí. Ọ̀nà yìí ti wà láti ọdún 1994 tí Ian Jackson ti kọ ètò náà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ó ń lé àwọn tí a nílò ẹ̀rí wọn jù lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ má retí pé àtúnṣe yóò dé orí kọ̀ǹpútà yín kíákíá bí ẹ bá ń lo ẹ̀dà stable, èyí tí wọ́n ti gbé jáde fún gbogbo ènìyàn. Àtúnṣe ààbò àti ti àléébù tó le gan-an ni wọ́n sábà ń mú wọ ibẹ̀. Ìyókù ń dúró de ẹ̀dà tuntun, tó máa ń gbà tó ọdún méjì. Èmi fúnra mi ni mo gba fáìlì fọ́ǹtì tuntun náà, tí mo sì gbé e sínú fódà mi.

Nígbà tí olùtọ́jú ti fi ẹ̀dà tó ní àtúnṣe ránṣẹ́, ìjábọ̀ náà ti ara rẹ̀ padé. Bí ọjọ́ 28 bá kọjá láìsí lẹ́tà tuntun, inú àpamọ́ ni wọ́n máa ń gbé irú rẹ̀ lọ. Tèmi kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó padé tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé sí nọ́ńbà kan náà: ó ń kọ Ìgbò, ó ti dán "ọ́" àti "ụ́" wò nínú ẹ̀dà tuntun, àmì méjèèjì sì jókòó sáyè wọn.