Tábìlì ni àbí àpò owó, èwo la fẹ́ fi dá kílọ́ọ̀bù tí ò lówó lẹ́jọ́?

Àríyànjiyàn tó ń lọ níbi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Lágéré n'Ífẹ̀ níbí ò lè tán. Àwọn kan ní tábìlì (àtẹ póìntì líìgì) kìí parọ́, àwọn kan ní ẹ kọ́kọ́ wo iye tó wà lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù ná.

Tẹ́ ẹ bá fi tábìlì nìkan wo kílọ́ọ̀bù Luton ní Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sáà 2023/24, ẹjọ́ ti parí, póìntì 26, ipò 18, wọ́n já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, kílọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ìpele karùn-ún ni wọ́n ṣì wà títí di 2014, tí pápá wọn ò gbà ju bí 12,000 èèyàn lọ, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bá Man City gbá pàsì kéékèèké ni? Bọ́ọ̀lù gígùn, króòsì, eré sísá, ibi tágbára wọn mọ nìyẹn, Rob Edwards, kóòṣì wọn nígbà yẹn, ò sì tijú ẹ̀. Burnley ti kóòṣì Kompany tó ń fẹsọ̀ kó bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn ńkọ́, tó náwó ra pléyà jù wọ́n lọ fíìfíì? Póìntì 24, wọ́n jọ já ni (ó kúkú dùn ún wò).

Tábìlì wúlò ṣá, torí ẹ̀ la ò ṣe bi Leicester tó gba líìgì ní 2016 pé ẹsẹ̀ ta ni bọ́ọ̀lù pẹ́ sí. Ṣùgbọ́n àpò owó lèmi máa kọ́kọ́ wò, kìí sì í ṣe àwáwí o: ní 2024/25 Luton ti gbowó Premier League, wọ́n tún já lọ sí League One, ìpele kẹta. Ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bú wọn fún.