Unreal tàbí Godot? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan iná sínú ìran géèmù

Láàárín oṣù kan péré, ẹni mẹ́ta ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Bọ̀dá, mo fẹ́ máa ṣe géèmù. Mo fẹ́ kí oòrùn máa gba ojú fèrèsé wọlé láàárín èéfín, kó rí bíi tàwọn òyìnbó. Kí ni kí n rà?" Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn, torí ìbéèrè lèmi náà fi ń dá wọn lóhùn: irú laptop wo lẹ ní, ta ló ń ra dátà fún yín, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ń mú iná wá sí àdúgbò yín?

Unreal àti Godot, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù ni àwọn méjèèjì. Unreal Engine 5 ni mo kọ́kọ́ gbé. Godot 4 ni mò ń lò báyìí. Blender, tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D, ti wà lórí ẹ̀rọ mi tipẹ́, mo sì sanwó kíláàsì kan nígbà kan. Màá dé orí ìyẹn. Kò sí èyí tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí. Unreal ò ní bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín títí géèmù yín yóò fi pa ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa mú dọ́là márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó bá tún wọlé. Ẹni tí irú wàhálà yẹn bá bá ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, kó pè mí wá bá a ná an. Owó tí mò ń sọ níbí ni owó ẹ̀rọ, owó dátà, owó epo jẹnẹrétọ̀, àti òru tí èèyàn ò sùn.

Ìdúró ló jẹ mí lówó

Ẹwà ni gbogbo èèyàn fi ń wọ̀n wọ́n. Ohun tí èmi kọ́kọ́ ń wò ni pé, bí mo bá sún iná kan síwájú díẹ̀, ìgbà wo ni màá rí ohun tí mo ṣe? Iná títàn kì í ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́sórí. Ẹ ó sún un, ẹ ó wò ó, ẹ ó tún un sún. Ojú ló ń kọ́ ọ, ojú ò sì fẹ́ràn ká máa dá a dúró.

Ilé ìdáná ìyá ìyá mi ní Ọmù-Àrán ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò. Ògiri amọ̀ tó nípọn, fèrèsé kékeré kan tó kọjú sí ìlà-oòrùn, àdògán ní kọ̀rọ̀, àjà tí èéfín ti kùn dúdú. Aago méje àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: oòrùn tó gba fèrèsé wọlé, iná igi lábẹ́ ìkòkò, àti ìmọ́lẹ̀ sánmà tó ń yọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọ̀ wọn ò dọ́gba. Kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: iná àbẹ́là wà ní nǹkan bí 1,900, oòrùn ọ̀sán ní nǹkan bí 5,500. Nọ́ńbà tó bá kéré ló ń pọ́n, èyí tó bá ga ló ń fà sí àwọ̀ aró. Bí ẹ bá fi àwọ̀ kan náà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ìdáná yẹn á dà bí ọ́fíìsì ìjọba. Òfin tún wà fún jíjìnnà: bí ẹ bá gbé iná jìnnà sí ìkòkò ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa kù lára ìkòkò náà. Wọ́n kọ́ mi ní èyí ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi sún iná àdògán yẹn ni mo tó mọ ohun tí tíṣà ń sọ.

Bí wọ́n bá mú iná wá fún wákàtí kan lálẹ́, mo lè sún nǹkan nínú ilé ìdáná yìí nígbà ogójì pẹ̀lú Godot. Pẹ̀lú Unreal lórí laptop kan náà, ìgbà márùn-ún, bí orí bá bá mi ṣe é. Unreal ò burú o. Ẹ̀rọ mi ni kò lè gbé e, bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀rọ mi náà ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ọwọ́ mi rèé. Mo kó àjọ ní 2023, mo fi ₦310,000 ra laptop tòkunbọ̀ nínú ìgboro Ìlọrin. Sítíkà aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń polówó káàdì GPU, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán géèmù sójú ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi tún fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì: "Géèmù kankan ò lè dà á láàmú." Ilé ni mo dé kí n tó mọ̀ pé kò sí káàdì kankan nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí Intel kékeré tó bá a wá. Ìwé àwọn tó ṣe Unreal fúnra wọn sì sọ ọ́ gbangba pé GTX 1070 sókè ni káàdì tó lè gbé Lumen, ìyẹn apá tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa ta padà lára ògiri àti ilẹ̀. Mi ò kà á. Òru méjì ni mo fi dátà òru wọ Unreal sílẹ̀, ó ju 40 GB lọ. Nígbà tí mo ṣí i, ó kọ "Compiling Shaders" sí igun ìsàlẹ̀, nọ́ńbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń san gbèsè. Mo lọ kírun Alásárì, mo dé, ó ṣì ń kà. Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì tòkunbọ̀ ò tó ogún ìṣẹ́jú.

Mo fara dà á fún oṣù mẹ́rin.

Pakúté ibẹ̀

Ti Unreal ló gba alẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Iná àdògán mi kéré lójú mi, mo gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti 8 sí 80. Iyàrá mọ́lẹ̀ yòò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tún rọra padà sí bó ṣe wà. Mo gbé e sí 800. Ó mọ́lẹ̀, ó tún padà. Mo rò pé laptop ti ya wèrè. Àṣé kámẹ́rà inú Unreal ń ṣe bí ojú èèyàn ni: bí ẹ bá ti inú yàrá òkùnkùn jáde sí oòrùn ọ̀sán, ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ bojú, lẹ́yìn náà oòrùn ò ní ni yín lára mọ́. Eye Adaptation ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n sì fi sílẹ̀ ní títàn. Ẹni tó ń kọ́ iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á. Ẹ gbé Post Process Volume sínú ìran, ẹ fọwọ́ sí Infinite Extent, ẹ wá yí Metering Mode lábẹ́ Exposure sí Manual. Ìran lè ṣókùnkùn biribiri; Exposure Compensation lẹ máa fi gbé e sókè. Láti ìgbà náà, 80 á máa jẹ́ 80.

Godot náà ní tirẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ló gbà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ṣí ìran tuntun, oòrùn àti sánmà ti wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pé kí géèmù bẹ̀rẹ̀, òkùnkùn. Oòrùn yẹn, ti àfihàn ni, kì í bá géèmù lọ. Àmì tóótòòtóó mẹ́ta wà lókè ìran. Ibẹ̀ lẹ ti máa sọ pé kó fi oòrùn àti sánmà náà sínú ìran yín ní tòótọ́. Àti èyí: iná tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé síbẹ̀ kì í ní òjìji àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí Shadow. Iná àdògán mi la inú ìkòkò kọjá, ó la ògiri kọjá, ó lọ ń tàn sára igi ọsàn lẹ́yìn ilé.

Ẹwà ńkọ́?

Unreal ni. Láti ìgbà tí Unreal 5 ti jáde ní oṣù kẹrin 2022 ni Lumen ti wà nínú rẹ̀, bí ògiri yín bá pupa, pupa náà á ràn mọ́ ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Godot ní SDFGI tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kò dán tó o, ìmọ́lẹ̀ á sì máa jò gba ara ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lumen náà ò fẹ́ kí ògiri tinrin ju sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá lọ. Ògiri amọ̀ ìyá àgbà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kò sí èyí tó jò nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nítorí pé laptop mi ò lè gbé SDFGI, mo ní láti pa á, kí n máa bi ara mi pé: oòrùn tó bọ́ sórí ilẹ̀ yìí, ibo ló máa ta sí? Mo wá mú iná kékeré kan tí kò ní òjìji, tó pọ́n díẹ̀ bí erùpẹ̀, mo gbé e sí nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan lókè ibi tí oòrùn bọ́ sí. Abẹ́ àjà yọ. Ìdí ìkòkò yọ. Àwọn tó ń ṣe géèmù tipẹ́tipẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí Lumen tó dáyé. Nínú Unreal, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láìmọ ibi tó ń tà gbà.

Ìkùukùu, èéfín àti ọyẹ́

Ìtànṣán oòrùn kì í hàn fúnra rẹ̀. Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń gbé e yọ: èéfín, eruku, ìrì. Nínú Unreal, Exponential Height Fog lẹ máa gbé sínú ìran, kí ẹ sì fọwọ́ sí Volumetric Fog. Nínú Godot, abẹ́ Environment ni Volumetric Fog wà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Forward+ ni iṣẹ́ yín wà, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí Godot ń gbà ya àwòrán. Bí ẹ bá mú Compatibility, ọ̀nà tó fúyẹ́ jù, nítorí ẹ̀rọ àtijọ́, ìkùukùu lásán lẹ máa rí, ìtànṣán ò ní yọ. Lórí laptop mi, mo dín fèrèsé tí géèmù ń hàn nínú rẹ̀ kù, ó sì ń rìn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìkùukùu ń ṣe fún ìran, kó gun Òkè Sọ́bí ní Ìlọrin ní oṣù kìn-ín-ní. Páànù tó wà nítòsí pọ́n bó ṣe yẹ kó pọ́n. Àwọn tó tẹ̀ lé e ti ṣì. Èyí tó jìnnà ò ní àwọ̀ mọ́, àwọ̀ sánmà ló gbà. Ojú ń ka ìpele mẹ́ta yìí, ó sì mọ bí ìlú ṣe fẹ̀ tó láìsí pé wọ́n sọ fún un. Kí ẹ má sì fi àwọ̀ aró sí i, bí àwọn fídíò òyìnbó ṣe ń ṣe. Eruku ni ọyẹ́ tiwa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Bodélé ní Ṣáàdì wá; àwọ̀ rẹ̀ fà sí ti ògì bàbà tí wọ́n bu omi lé. Mo yí àwọ̀ yẹn nìkan, ìran mi sì kúrò ní London, ó dé Ìlọrin.

Èyí tó kù

Dátà: Godot ò tó 200 MB, mo fi hotspot fóònù wọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí n tó jẹ wàrà ọwọ́ mi tán. Ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà ṣeé wọ̀ sílẹ̀, ẹ lè máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fídíò ẹ̀kọ́: ti Unreal pọ̀ ju ti Godot lọ fíìfíì. Iṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńlá lókè òkun: Unreal náà.

Unity, sọ́fítíwíà géèmù mìíràn: mi ò bá a gbé rí. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 wọ́n kéde owó tí wọn yóò máa gbà lórí iye ìgbà tí wọ́n bá wọ géèmù sórí ẹ̀rọ, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n fagi lé e. Mo jókòó sáyè mi.

Blender: bí àwòrán lẹ fẹ́, tí ẹ ò fẹ́ rí kóòdù, Eevee, apá tó ń ya àwòrán kíákíá nínú rẹ̀, máa kọ́ yín ní iná dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé gan-an lojú kọ́kọ́ ń lọ, kì í ṣe ibi tó mọ́lẹ̀ jù.

Kíláàsì: ₦85,000, Sátidé mẹ́fà. Àwa méjìlá, kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Ìran tí ẹlòmíì ti tan iná sí tán ni ọ̀gá náà ń ṣí sára ògiri, tó ń yí kámẹ́rà rẹ̀ ká, tí à ń pa "háà". Kò sí ọjọ́ kan tí ó pa gbogbo iná ìran kí ó tún tan ìkan ṣoṣo padà lójú wa. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó fún olùkọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣe ìyẹn.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú?

Mi ò ṣe ègbè. Bí káàdì gidi bá wà nínú ẹ̀rọ yín, tí ẹ ní ibi tí ẹ ti ń rí dátà ọ̀fẹ́, tí ẹ sì ní sólà, ẹ gbé Unreal, ẹ ò ní kábàámọ̀. Bí ẹ kò bá ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Godot nìyẹn. Bí ẹ sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ṣì lè fi oṣù kan lo Godot ná, kó tó di pé Lumen bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín ronú.

Bí ẹ bá sì ń lọ ra laptop, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n tan án. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ GPU sí. Orúkọ tó bá wà níbẹ̀ lẹ ń rà. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ń fi ìka gbá sítíkà, ẹ jẹ́ kó máa gbá a. Tèmi ṣì lẹ̀ mọ́ ara laptop mi, ó ń dán. Mi ò tíì ya á.