Baseball-Reference: Ìkànnì Tí Ó Ń Fi Ajubọ́ọ̀lù Wé Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ẹni tí ó ń tẹ̀lé bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láti Abẹ́òkúta níhìn-ín kò lè rí i wò ní pápá ìṣeré Kútọ̀. Àkọsílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń mọ àwọn eléré náà, nítorí náà ibi tí a ti ń kà á ṣe pàtàkì. Baseball-Reference, tí Sean Forman dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, ni mo fọwọ́ sí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí ajubọ́ọ̀lù kan, ìyẹn eléré tí ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí ó fẹ́ fi igi lù ú, ṣe tó. Ọ̀fẹ́ ni ojú ewé eléré kọ̀ọ̀kan. Stathead, tí ó wà fún ìwádìí tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ń sanwó fún.

Ìṣirò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni ERA, èyí tí í ṣe iye àmì tí àwọn alátakò gbà lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù nínú abala mẹ́sàn-án, èyí tí í ṣe odidi eré kan, láìka èyí tí àṣìṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ó ṣe dára tó. Bob Gibson, tí ó fi sáà 17 ṣeré fún St. Louis Cardinals, parí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú 2.91, Pedro Martínez parí tirẹ̀ pẹ̀lú 2.93. Ẹni tí ó bá wo èyí nìkan yóò ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé kan náà, òpó ERA+ fún Gibson ní 127, ó sì fún Martínez ní 154. Ìpíndọ́gba líìgì ni 100 dúró fún, ohun tí ó bá sì lé sí i ni ajubọ́ọ̀lù náà fi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ náà wá láti inú àsìkò tí oníkálukú ṣeré. Bí ẹnìkan bá sọ iye tí ó ra àdìrẹ ní Ìtòkú fún wa, a kò lè sọ pé ó rà á ní ọ̀pọ̀ àfi bí a bá mọ iye tí àwọn yòókù rà á lọ́jà ọjọ́ náà. Ní ọdún 1968, ERA gbogbo National League, líìgì tí Gibson wà, kò ju 2.99 lọ. Àmì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ fi dín gíga òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró lé kù láti ínṣì 15 sí ínṣì 10 fún sáà 1969. Ní American League ọdún 2000, níbi tí Martínez wà, 4.91 ni ìpíndọ́gba.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé ìkànnì náà ń ṣírò pápá ìṣeré mọ́ ọn. Gibson ní ERA 1.12 ní 1968. Bí a bá kàn fi í pín ìpíndọ́gba líìgì, tí a sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100, a ó rí 267, ṣùgbọ́n 258 ni ìkànnì náà kọ, nítorí pé pápá St. Louis rọ àwọn ajubọ́ọ̀lù lọ́rùn. Martínez ní 1.74 ní 2000. Ìpínlásán yóò fún wa ní 282, ìkànnì náà sì kọ 291, nítorí pé Fenway Park ní Boston rọ àwọn tí ń fi igi lu bọ́ọ̀lù lọ́rùn. Ẹ̀tọ́ ni èyí, kì í ṣe ojúsàájú.

Síbẹ̀, kí òǹkàwé má ṣe ka òpó kan ṣoṣo. Ajubọ́ọ̀lù Mariano Rivera ní ERA+ 205, ṣùgbọ́n abala 1,283 àti díẹ̀ ni ó jù, èyí tí ó pọ̀ jù sì jẹ́ ní ìparí eré. Walter Johnson ní 147 nínú abala tí ó lé ní 5,900. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, òpó abala tí í ṣe IP ni yóò sì fi èyí hàn. Ìgékúrú Gẹ̀ẹ́sì ló kún ojú ewé náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn wà lábẹ́ Glossary.

Kí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣí ojú ewé Martínez, kí ó sì ka ERA+ láti 1997 dé 2003: nínú sáà méje náà, márùn-ún ni ó ti kọjá 200.