Roja: ti èdè Tamil ni kí ẹ wò

Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní ẹ̀dà fíìmù Roja tí wọ́n tú láti èdè Tamil sí èdè Hindi, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ wá ti Tamil lọ. Mo ti wo méjèèjì. Mo ti gbọ́ orin méjèèjì débi pé mo lè kọ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ èdè kankan nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ti Tamil ló máa ń mú mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń pe gbogbo rẹ̀ ní “fíìmù Íńdíà”, àfi bíi pé ilé kan náà ni wọ́n ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa láyé kásẹ́ẹ̀tì fídíò, fíìmù Hindi tí wọ́n ṣe ní Mumbai ni. Tamil ní ilé tirẹ̀: Chennai ni, ní gúúsù Íńdíà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Madras tẹ́lẹ̀. Kodambakkam ni àdúgbò tí àwọn sítúdíò wà níbẹ̀, ara orúkọ yẹn ni wọ́n ti yọ Kollywood. Ọdún 1931 ni fíìmù Tamil àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀ jáde. Orí ìtàgé ni àwọn òṣèré ìgbà yẹn ti wá, wọ́n sì kó orin wọn dání wọnú sinimá. Ẹni tó bá mọ bí Ògúndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbé eré orí ìtàgé wa wọnú sinimá kò ní béèrè ìdí tí orin fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù Tamil. Àwọn ará ibẹ̀ kò sì fi sinimá wọn ṣeré. M. G. Ramachandran, tí gbogbo wọn ń pè ní MGR, òṣèré ni kó tó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní 1977, orí àga náà ló sì wà títí tó fi kú ní 1987, yàtọ̀ sí oṣù díẹ̀ ní 1980.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1992, àyájọ́ òmìnira Íńdíà, ni Roja jáde. Mani Ratnam ló darí rẹ̀, ilé iṣẹ́ K. Balachander ló náwó sí i, Santosh Sivan ló wà nídìí kámẹ́rà. Roja, tí Madhoo ṣe, jẹ́ ọmọbìnrin abúlé. Rishi, tí Arvind Swamy ṣe, wá láti Madras láti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ní ẹni tó wù ú, ó bá bẹ ọkùnrin náà ní kọ́rọ̀ pé kó kọ òun. Nígbà tí wọ́n wá bi Rishi lójú gbogbo ẹbí, ó ní àbúrò ni òun fẹ́. Roja kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ó gbà pé ńṣe ni ọkùnrin yìí dójú ti ẹ̀gbọ́n òun, inú bíbí ló sì bá wọ ilé ọkọ. Nígbà tí àṣírí tú, tí ìfẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, iṣẹ́ ìjọba gbé Rishi lọ sí Kashmir, ní àríwá Íńdíà níbi tí wọn kì í sọ Tamil, ó mú ìyàwó dání. Ibẹ̀ ni àwọn agbébọn ti jí i gbé, wọ́n ní kí ìjọba tú ọ̀gá àwọn sílẹ̀ kí Rishi tó padà sílé.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èdè ti di ọ̀rọ̀ ńlá. Roja kò gbọ́ èdè kankan ju Tamil lọ. Ó sáré lọ bá ọlọ́pàá, ó ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ júwe, wọ́n kàn ń wò ó ni. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló wà, síbẹ̀ ó di àlejò tí ẹnì kankan kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tó ń dẹ́rù ba èèyàn jù nínú fíìmù náà nìyẹn lójú tèmi, ó ju ìbọn lọ. Ẹ wá rò ó wò: tí wọ́n bá ti tú fíìmù yìí sí Hindi, tí Hindi ti wà lẹ́nu Roja náà, kí ló kù? Obìnrin tó ń sọ èdè tí gbogbo àyíká rẹ̀ ń sọ, tí wọ́n ṣì ń wò ó bíi pé wọn kò gbọ́. Ìpayà yẹn ti jò dànù. Èmi tí n kò gbọ́ ìkankan nínú èdè méjèèjì, etí mi mú ìyàtọ̀ náà. Nínú ti Tamil, ìró ọ̀rọ̀ Roja yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn tó ń dá a lóhùn, ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò wọra.

Ó kan orin. Títí di ìgbà yẹn, Ilaiyaraaja ni Mani Ratnam máa ń gbé iṣẹ́ orin fún, kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ ní Madras. Láti ìgbà tí fíìmù Annakili ti jáde ní 1976 ni orin rẹ̀ ti gba gbogbo ìlú. Ẹ gbọ́ Thalapathi, fíìmù tí àwọn méjèèjì ṣe ní 1991, ọdún kan péré ṣáájú Roja. Fáyólìnì á rú jáde lọ́pọ̀, fèrè á dá a lóhùn, ìlù á wọlé, gbogbo wọn á sì máa rìn papọ̀ bíi pé èèyàn kan ló ń mí. Ilaiyaraaja a máa kọ gbogbo orin sórí ìwé kó tó pín in fún àwọn onílù àti onífèrè. Nínú ìbò tí iléeṣẹ́ BBC ṣe ní 2002 lórí orin tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù káàkiri àgbáyé, orin kan látinú Thalapathi, “Rakkamma Kaiya Thattu”, ló ṣe ipò kẹrin.

Ọmọ ọdún 25 ni ẹni tí Mani Ratnam wá gbé Roja fún, fíìmù Tamil kankan kò sì tíì jáde lórúkọ rẹ̀ rí. A. R. Rahman ni. Bàbá rẹ̀, R. K. Shekhar, a máa ṣe orin fún fíìmù Malayalam, èdè mìíràn ní gúúsù Íńdíà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Rahman nígbà tí bàbá náà kú, láti kékeré ló sì ti ń fi kíbọ́ọ̀dù wá oúnjẹ òòjọ́. Ó ti bá Ilaiyaraaja fúnra rẹ̀ lu dùùrù. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbájú mọ́ orin ìpolówó ọjà, tó sì kọ́ sítúdíò tirẹ̀ sí ọgbà ilé wọn ní Kodambakkam. Òru ló fẹ́ràn láti ṣiṣẹ́. Á pe olórin wọlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á sì jókòó ti kọ̀ǹpútà láti to gbogbo rẹ̀ jọ. Ìdí nìyẹn tí àyè fi pọ̀ nínú orin Roja. Nínú Thalapathi, orin kún àgbá dé ẹnu. Nínú Roja, ẹ lè gbọ́ ìgbà tí ìlù dákẹ́, ẹ lè gbọ́ mímí olórin, bass sì ń lọ jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ láìsí ohun tó bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ mú “Chinna Chinna Aasai”. Minmini ló kọ ọ́, Vairamuthu ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin abúlé kan ló ń ka àwọn nǹkan kéékèèké tó wù ú: kí òun fọwọ́ kan òṣùpá, kí òun di òdòdó, kí òun mú ẹja nínú odò kí òun sì tún jù ú padà sínú odò. Ti ẹja yẹn máa ń dùn mọ́ mi ju ti òṣùpá lọ, torí ẹni tó ti bá odò ṣeré rí ló lè ronú kàn án. Ìlù rẹ̀ ń já sẹ́yìn díẹ̀ bíi ti reggae, ohùn Minmini sì mọ́ láìní àṣehàn. Ohun tó ń ṣe fún ìtàn náà wá rèé: láti orin yìí la ti mọ̀ pé abúlé yìí tó Roja, kò wá ibòmíràn lọ. Nígbà tí yìnyín Kashmir bá wá yí i ká lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, a ti mọ ohun tó fi sílẹ̀.

“Rukkumani” jẹ́ ti alẹ́ ìgbéyàwó. Àwọn ìyá àgbà ló bọ́ síta tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń fi ìyàwó àti ọkọ ṣẹ̀fẹ̀ lórí ohun tó ń lọ nínú yàrá. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin tí àwọn obìnrin ilé ń kọ nígbà tí ìyàwó bá wọlé lọ́dọ̀ wa á ti rẹ́rìn-ín kó tó rí ìtumọ̀ kankan. “Pudhu Vellai Mazhai” ni tọkọtaya bá dé inú yìnyín. Unni Menon àti Sujatha ló kọ ọ́, n kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀ ju pé kí ẹ fi íápíìsì tó dára gbọ́ ọ.

“Kadhal Rojave” ni mo ń bọ̀ wá bá. Rishi wà nínú ìgbèkùn, ó sì ń rántí ìyàwó rẹ̀. S. P. Balasubrahmanyam ló kọ ọ́, bàbá tí ohùn rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn òṣèré ńláńlá ilẹ̀ Tamil fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tó fi kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Òun náà ló kọ ti Hindi, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ohùn ló fa ìyàtọ̀. Nínú ti Tamil, ẹ fetí sí bó ṣe ń parí gbólóhùn àkọ́kọ́. Kò gbé e sókè, ńṣe ló jẹ́ kó já wálẹ̀ bí ẹni tí omijé ti kún ojú rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Sílébù ọ̀rọ̀ àti ti orin bá ara wọn dọ́gba níbẹ̀. Nínú ti Hindi, orin ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé, ọ̀rọ̀ ló wá ń fún ara rẹ̀ mọ́ inú àyè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwa Yorùbá mọ ìyà yìí. Gbogbo ẹni tó ti kọ orin ìyìn tí wọ́n fi ohùn orin òyìnbó kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ bí ohùn orin ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Ti Tamil kò rí bíi tiwa, nítorí èdè wọn kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Olórin wọn lè gun òkè bó ṣe wù ú. Gígùn àti kíkúrú fáwẹ́lì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́, ibẹ̀ sì ni Vairamuthu ti fakọ yọ. Ìjọba Íńdíà fún un ní àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ orin Roja, wọ́n fún Rahman ní ti orin. Ní 2005, ìwé ìròyìn TIME ka orin Roja mọ́ mẹ́wàá tó dára jù nínú orin fíìmù láyé. Wọn kò ṣàṣejù.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. “Tamizha Tamizha”, tí Hariharan kọ, wọlé níbi tí àwọn agbébọn ti ń dáná sun àsíá Íńdíà, tí Rishi sì gbé ara rẹ̀ lé iná náà láti pa á. Orin náà ń pariwo ohun tí ojú ti rí. Ká ní wọ́n fi ìró iná nìkan sílẹ̀ níbẹ̀ ni, ì bá wọ̀ mí lọ́kàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Kashmir fúnra wọn kò sì rí àyè sọ ẹnu tiwọn tó. Olórí àwọn tó jí Rishi gbé, tí Pankaj Kapur ṣe, ní ojú èèyàn, ó sì ní ìbànújẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó kù dà bí òjìji lásán. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń gbé ní àfonífojì yẹn lákòókò náà tóbi ju ohun tí fíìmù yìí fẹ́ fojú kàn lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń wò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà tí ẹ máa wò. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìtumọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n gbàrà tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ìtumọ̀ náà ń pòórá. Mo san owó sí i, inú sì bí mi gan-an, torí inú orin gan-an ni Roja ti ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa fíìmù náà dé ibi “Chinna Chinna Aasai” nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ wò ó bóyá ìtumọ̀ wà níbẹ̀. Ní ti orin nìkan, sípíkà fóònù kò lè gbé bass rẹ̀. Ẹ lo íápíìsì, tàbí kí ẹ so ó mọ́ sípíkà ńlá nínú ilé. Fíìmù náà gùn ju wákàtí méjì lọ, ẹ má pín in sí méjì.

Tí Roja bá wọ̀ yín lára, Thalapathi ló kàn, kí ẹ lè gbọ́ Ilaiyaraaja kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn fúnra yín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wá Kannathil Muthamittal, tí Mani Ratnam àti Rahman ṣe ní 2002. Ọmọdébìnrin kan tí wọ́n gbà tọ́ ló ń wá ìyá tó bí i lọ sí Sri Lanka lásìkò ogun. Chinmayi kọrin níbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ogun inú rẹ̀ le púpọ̀, bọ́ǹbù àti òkú wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké wò ó.