Ìtọ́jú ọkàn: ti Freud ni àbí ti Beck?

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni kó gbà lọ? Ní Vienna, ṣáájú ọdún 1900, ni dókítà Sigmund Freud ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀: aláìsàn á dùbúlẹ̀ sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, á máa sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, títí kan àlá. Aaron Beck, tí òun náà jẹ́ dókítà, kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an kó tó yà gba ọ̀nà mìíràn ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1960. Ìwé àti bírò ni tiẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé “àyà mi ń já, mo fẹ́ kú nìyí”, wọ́n á bi í pé: ìgbà mélòó ni àyà rẹ ti já báyìí rí, tí o kò sì kú?

Ti Freud lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà 3 sí 5 lọ́sẹ̀, owó ńlá sì ni. Ti Beck sábà máa ń parí láàárín ìjókòó 12 sí 20, àmọ́ ó ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tí kò bá ṣe é kò ní jèrè púpọ̀.

Bó bá jẹ́ ìpayà òjijì tàbí ìbẹ̀rù ohun kan pàtó, ti Beck ni màá kọ́kọ́ dá lábàá, torí ìwádìí tó tì í lẹ́yìn pọ̀ jù. Ẹni tí ìjà kan náà ń tú gbogbo àjọṣe rẹ̀ ká látọdún pípẹ́, tó sì ní àkókò àti owó, ti Freud lè bá a mu jù.